Alhaja Tí Riad Rán Lọ sí Mẹ́kà

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá ṣí ojú ewé ilé-iṣẹ́ Àká lórí fóònù yín, ẹ óò rí ibì kan tí wọ́n kọ "Ìtàn Wa" sí. Ìtàn náà kúrú, ó sì dùn. Wọ́n ní ọmọ Àjàṣẹ́ méjì, Riad àti Flore, ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ nínú yàrá kan ní àdúgbò Houinmè. Wọ́n ní orúkọ oníbàárà kan ṣoṣo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kò kọ síbẹ̀ ni pé oníbàárà náà kò sí láyé.

Apá tí wọn kò kọ nìyí. Ẹ jókòó dáadáa.

Ní Àjàṣẹ́ wa yìí, ènìyàn lè purọ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀. Ó lè purọ́ nípa iye tó ra bàtà. Ó lè ní Paris lòun ti ń bọ̀, kó jẹ́ pé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kútọnu ló ti lọ sùn. A óò rẹ́rìn-ín, a óò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi irọ́ dá ènìyàn. Ènìyàn ní ìyá, ó ní bàbá, ó ní àdúgbò, ó ní ẹni tí wọ́n jọ ṣe ilé-kéwú. Àwọn ìyá wa yóò béèrè gbogbo wọn, wọn kò ní gbàgbé ọ̀kan.

Riad kò ro ti èyí. Ó mọ nǹkan mìíràn púpọ̀. Ó ti kàwé ní Kútọnu, ó ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí kì í ní ìdọ̀tí, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé bí ó bá kí ọ lówùúrọ̀, wàá rò pé òkè òkun lo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Flore, ọmọ Ègùn láti Dowa, ni ọpọlọ ilé-iṣẹ́ náà. Òun ló fi orí ara rẹ̀ ṣe ètò orí fóònù tí wọ́n ń tà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ kò lè kún ife káfè.

Àká ni wọ́n pè é, torí pé inú àká ni àgbẹ̀ ń kó àgbàdo sí. Oníṣòwò yóò fi fóònù tẹ ohun tó tà àti ohun tó kù. Àkọsílẹ̀ yẹn kò ní jókòó sínú fóònù. Yóò gòkè lọ síbi tí àwọn onífaransé ń pè ní àwọsánmà. Bí olè gbé fóònù, bí iná jó bùtíìkì, ìṣirò ọjà rẹ ṣì wà lókè, kò sí ohun tó ṣe é.

"Òkè wo?" ni Karimath tó ń ta léèsì béèrè.

"Àwọsánmà, ìyá mi."

"Bí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́?"

"Kò ní tutù."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Òjò ò tíì sọ tiẹ̀."

Asmaou tó ń ta gèlè ní ọ̀kánkán rẹ̀ kò tilẹ̀ béèrè nípa òjò. Ó ní, "Ta ló ti ń lò ó?"

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ lò ó, ìyá mi. Iyì yín ni."

"Ìyẹn ni pé èmi lẹ fẹ́ fi tọ́ ọbẹ̀ wò."

Bí gbogbo wọn ṣe ń wí nìyẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà aláṣọ ní ọjà Houinmè títí dé ìparí rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì wo ojú wọn, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń wò: bùtíìkì Ìyá Afoussath, ní orí ìlà. Òun ni olórí wọn. Bí ó bá ṣí agboòrùn, wọ́n á ṣí tiwọn. Bí ó bá ní aṣọ kan kò dára, aṣọ náà ti kú sọ́jà nìyẹn. Bí Ìyá Afoussath bá gba Àká, gbogbo ìlà gbà á. Bí ó bá kọ̀ ọ́, kí Riad máa lọ sílé.

Ilé tí Riad máa lọ, ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń mọ bíríkì ni. Bàbá náà kò bínú pé ọmọ òun ń ṣe iṣẹ́ àwọsánmà. Ó kàn máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́: "Ṣọ́bìrì rẹ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò tíì fún ẹnikẹ́ni."

Ni Flore bá ṣe ilé-ìtajà àpẹẹrẹ kan sínú Àká, kí àwọn obìnrin lè rí bí ètò náà ṣe ń rìn. Ó kó aṣọ sí i, ó kó ìtajà sí i. Orúkọ kan ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ló bá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ìlú kan tí kò jìnnà: Alhaja Nimatou, Akpro-Missérété.

"Sọ fún wọn pé àpẹẹrẹ ni," ó wí fún Riad.

"Kí ni mo tún fẹ́ sọ?" ni Riad dá a lóhùn.

Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Afoussath. Ìyá na fóònù jìnnà sí ojú rẹ̀, ó tún fà á sún mọ́ ọn, ó tún nà án lọ.

"Ka ibí yìí fún mi. Oòrùn yìí ò jẹ́ n ríran."

Abẹ́ òrùlé ni wọ́n wà. Riad kò kíyè sí i.

"Alhaja Nimatou, Akpro-Missérété."

"Ta nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Àpẹẹrẹ ni, Ìyá. Kò le láti pè. Ṣùgbọ́n ojú Ìyá Afoussath ti tàn bí ojú ẹni tó rí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ́nà, Riad sì rí ṣọ́bìrì lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Oníbàárà wa ni," ó wí.

"Alhaja Nimatou." Ìyá Afoussath ń ronú. "Ní Missérété. Ṣé kì í ṣe ọmọ Alhaji tó ń ta pákó níjelòó?"

"Òun náà ni, Ìyá."

"Ìyá rẹ̀ ṣì wà?"

"Wọ́n wà. Ẹsẹ̀ ló kàn ń dùn wọ́n díẹ̀."

"Yéè. Bá mi kí wọn."

Ẹ ò rí nǹkan. Irọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, kò tíì mu omi, ó ti ní bàbá tó ń ta pákó àti ìyá tí ẹsẹ̀ ń dùn. Bàbá yẹn kì í tilẹ̀ ṣe Riad ló fún un. Ìyá Afoussath ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn án.

Ó gba Àká. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo ìlà ti gbà á. Orúkọ Alhaja sì gbòde.

"Nimatou ti Missérété?" ni Karimath wí. "Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń ra ọjà ní Lomé. Obìnrin náà mọ aṣọ yàn."

Asmaou kò jẹ́ kí Karimath fi ìyẹn borí òun. "Ó pupa, ó ní èjí. Ó ra gèlè lọ́wọ́ mi nígbà ìyàwó àbúrò rẹ̀. Kò tilẹ̀ ná mi."

Riad dúró láàárín wọn, ó ń mi orí. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Alhaja pupa. Ó dùn mọ́ ọn pé ó ní èjí.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti di akọ̀wé Alhaja. Láràárọ̀, bí ó bá ń mu káfè, á ṣí ilé-ìtajà àpẹẹrẹ, á bá Alhaja ta àǹkárá díẹ̀, á bá a gba ọjà tuntun wọlé, kí ẹni tí wọ́n bá fi hàn lè rí i pé ọjà ń yá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kì í tà ní ọ̀sán. Kò fẹ́ kí Alhaja pàdánù ìrun.

Flore rí i. "Ta ló ń ta aṣọ nínú ilé àpẹẹrẹ?"

"Èmi ni. Mo fi ń dán ọwọ́ wò."

"Ṣé o ti sọ fún wọn pé àpẹẹrẹ ni?"

"Ṣé ọmọdé ni mí ni? Mo ti sọ fún wọn."

Flore gbà á gbọ́. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ibi tí Riad ti dalẹ̀ ọ̀rẹ́, ẹ má ṣe lọ jìnnà, ibẹ̀ nìyẹn. Kò tilẹ̀ gbé ife káfè sílẹ̀ kó tó ṣe é.

Iṣẹ́ náà gbèrú. Àwọn oníbàtà wọ Àká, àwọn oníkòkò wọ̀ ọ́, àwọn tó ń ta ohun ìkọ́lé náà wọ̀ ọ́. Wọ́n gba yàrá kejì. Wọ́n kun pátákó aláwọ̀ búlúù sí ẹnu ọ̀nà. Riad bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó láti ra mọ́tò. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé ṣọ́bìrì fún ẹlòmíràn.

Ìgbà náà ni ọmọ Asmaou bímọ.

"Riad, fún mi ní nọ́ńbà Alhaja. Mo fẹ́ pè é síbi ìsọmọlórúkọ."

"Ó ti rìnrìn àjò, ìyá mi."

"Lọ síbo?"

Àsìkò tí àwọn arìnrìn-àjò Hájì ń lọ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, rédíò kò sọ ohun mìíràn.

"Mẹ́kà," ni Riad wí.

"Ṣebí ó ti jẹ́ Alhaja tẹ́lẹ̀?"

"Ó tún lọ ni."

"Hẹ̀n. Àwọn kan ń jayé," ni Asmaou wí. Inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn.

Riad kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́ títí ó fi délé. Ẹni tó wà ní Mẹ́kà kò lè wá jẹ oúnjẹ ìsọmọlórúkọ. Ẹnikẹ́ni kò lè lọ kí i nílé. Ibo ni ènìyàn tún lè fi ẹni tí kò sí pamọ́ sí tó dára tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rẹ́ wa gbàgbé nǹkan kan tí ọmọ kékeré Àjàṣẹ́ mọ̀. Ènìyàn kì í lọ gbé Mẹ́kà. Ó ń bọ̀ ni. Bí ó bá sì ń bọ̀, òun nìkan kọ́ ló ń wọlé. Gbogbo àdúgbò ni yóò kún ojú ọ̀nà, wọ́n á fẹ́ kó fọwọ́ kan orí ọmọ wọn, wọ́n á jẹ dàbínù, wọ́n á mu omi ilẹ̀ mímọ́. Ì bá ti dára jù kí Riad ní Alhaja lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Kí ọjọ́ àbọ̀ tó pé, Karimath ti ní èrò. "Ṣé Alhaja lè bá wa gbàdúrà níbẹ̀ yẹn? Ṣé ẹni tó dé ibẹ̀ lè gbàgbé ará ọjà?"

Gbogbo ìlà ní èrò náà dára. Riad fún wọn ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà kejì tó wà nínú fóònù tirẹ̀ ni.

"Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i," ó wí. "Kò ní lè dáhùn o. Ìsìn pọ̀ níbẹ̀."

Ó pinnu pé òun kò ní gbọ́ ọ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Karimath ń bẹ Ọlọ́run kí orogún òun máa hanrun sókè, kí ọkọ lè padà sí yàrá òun. Asmaou ń tọrọ bùtíìkì tó tóbi ju ti Karimath lọ, kì í ṣe púpọ̀, kó sáà ti hàn sójú. Riad dùbúlẹ̀ lórí àga, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohùn Ìyá Afoussath wọlé.

"Alhaja, a ò tíì ríra. Ìyá Afoussath ni, ní Houinmè. Ojú mi ń ṣú. Mi ò tíì sọ fún Afoussath ọmọ mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ni mo fi ń mọ aṣọ báyìí. Bí ọjà bá mọ̀ pé mi ò ríran, wọ́n á máa kó ayédèrú fún mi, wọ́n á sì ní mo ti darúgbó. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ o."

Ẹ̀rín kú mọ́ Riad lẹ́nu.

Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ẹni tó burú ì bá ti sàn, torí ẹni tó burú ì bá ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Riad fẹ́ ṣe rere, ṣùgbọ́n kò fẹ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ méjèèjì pọ̀, ẹ sá fún un.

Ó tọ Flore lọ. "Bá mi sọ lẹ́tà di ńlá fún Ìyá Afoussath. Tirẹ̀ nìkan. Kó tóbi dáadáa."

"Kí ló dé?"

"Àgbàlagbà ni."

Flore ṣe é. Lọ́jọ́ kejì Riad kọjá níwájú bùtíìkì bí ẹni tí kò ní ohun tó ń lé e.

"Ìyá, Alhaja ní kí n sọ fún yín pé òun gba ohùn yín. Mi ò mọ ohun tí ẹ sọ o. Ó ní òun ti ṣe é."

Ìyá Afoussath ṣí fóònù. Ó wò ó. Kò nà án jìnnà, kò fà á sún mọ́ ojú. Ó kà á sókè fúnra rẹ̀: "Àǹkárá búlúù, márùn-ún ló kù." Ó gbé ìbòrí rẹ̀, ó fi nu ojú.

"Mi ò ní jókòó lásán lórí èyí," ó wí.

Riad rò pé ọ̀rọ̀ ọpẹ́ lásán ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí rédíò ní àwọn arìnrìn-àjò ti ń dé, bọ́ọ̀sì kan dúró níwájú ilé-iṣẹ́ Àká, ó ń fọn fèrè. Àwọn obìnrin ìlà aláṣọ kún inú rẹ̀. Abọ́ ẹ̀bùn wà lórí itan olúkúlùkù. Lẹ́yìn wọn, àgbò funfun kan tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ àga ń wojú gbogbo ènìyàn.

"Riad, gòkè," ni Ìyá Afoussath wí. "Ìwọ lo mọ ilé."

"Ilé ta, Ìyá?"

"Ilé Alhaja. Ó ti dé, àbí kò tíì dé?"

"Ó ti dé. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

"A ò ní pẹ́. Ká kí i ni."

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ pè é."

"Ta ní ń pe ẹni tó ti Mẹ́kà bọ̀? Wọ́n ń lọ bá a ni. Ìwọ náà, ìyàwó ẹ̀rọ, bọ́ síta, ká jọ lọ."

Flore ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó jáde wá. "Ta la fẹ́ lọ kí?"

"Alhaja Nimatou yín."

Flore wo Riad. Riad wo àgbò. Àgbò wo Riad. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àgbò nìkan ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀, òun gan-an tó yẹ kí ọkàn rẹ̀ má balẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, Flore tẹ̀ sí etí Riad, ó ń fi Faransé sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Nimatou wo?"

"Dákẹ́, jọ̀ọ́."

"Èyí tí mo fi ìka mi tẹ̀?"

"Flore."

"O ní o ti sọ fún wọn."

"Mo fẹ́ sọ fún wọn."

"Ìgbà wo? Nígbà tí wọ́n bá pa àgbò tán?"

Lẹ́yìn wọn, ọ̀rọ̀ ń gbóná. Karimath ń sọ bí òun àti Alhaja ṣe sùn sórí ẹní kan náà ní Lomé ní ọdún tí òjò pọ̀. Asmaou ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣíwájú wọlé, torí pé òun ni yóò kọ́kọ́ dá a mọ̀.

Wọ́n dé Missérété. Riad ní kí awakọ̀ yà sọ́tùn-ún. Ó ní kó yà sósì. Ó ń wá ibi tí bọ́ọ̀sì yóò ti taku, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó ń taku ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò taku lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n kọjá níwájú ọjà fún ìgbà kẹta, ó sú awakọ̀. Ó yọrí síta, ó bi obìnrin kan tó ń ta àgbàdo.

"Ẹ jọ̀ọ́, ilé Alhaja Nimatou?"

"Alhaja kẹ̀? Nimatou kan tí mo mọ̀ ni onígàrí, lẹ́yìn igi máńgòrò yẹn."

"Òun náà ni," ni Asmaou wí kíákíá. "Ó lè máa ta gàrí pọ̀ mọ́ ọn."

Ilé amọ̀ kékeré kan ni wọ́n bá. Èéfín ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Ìyá arúgbó kan jáde sẹ́nu ọ̀nà, igbá tó fi ń yan gàrí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúdú, ó tín-ínrín, eyín tí ì bá ní èjí sì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́.

Àwọn obìnrin dúró. Ìyá Afoussath nìkan ni kò dúró. Ojú rẹ̀ kò rí ju obìnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ. Ó lọ bá a tààrà, ó kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú léèsì rẹ̀.

"Alhaja, ẹ kú àbọ̀ o. Ọlọ́run á gbà á."

"Ẹ ṣé," ni arúgbó náà wí. "Àbọ̀ ibo? Ìdí ààrò ni mo ti ń bọ̀."

"Mẹ́kà, Alhaja."

"Màdáámù, èmi ò tíì dé Kútọnu rí."

Àgbò ló ké nínú bọ́ọ̀sì.

Ìyá Afoussath dìde díẹ̀díẹ̀. Kò gbọn iyẹ̀pẹ̀ tó wà ní orúnkún rẹ̀.

"Riad."

"Ìyá."

"Ta nìyí?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n, Ìyá."

"Alhaja Nimatou dà?"

Ẹnu tó dùn jù ní gbogbo Houinmè bẹ̀rẹ̀ sí í kí arúgbó náà kú iṣẹ́. Flore ló dáhùn, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Kò sí i. Àpẹẹrẹ ni. Èmi ni mo ṣe é, láti fi kọ́ yín bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ní kó sọ fún yín. Ó ní òun ti sọ."

"Kò sí i," ni Ìyá Afoussath tún wí. Ó yíjú sẹ́yìn. "Karimath, ta ni ẹ jọ sùn sórí ẹní ní Lomé?"

Karimath bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè rẹ̀ wé.

"Asmaou, èjí dà?"

"Ìyá, ó ti pẹ́ o. Eyín a máa yí padà."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá Afoussath gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀rín náà kú.

"Ta ló wá gba ohùn wa?"

Lójijì, olúkúlùkù rántí ohun tó fi ránṣẹ́. Karimath jókòó sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì.

"Èmi ni," ni Riad wí.

"O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Ìyá."

Flore ń ronú. Ẹ lè rí i lójú rẹ̀ bí ọ̀kan ṣe ń bá èkejì mu. "Àwọn lẹ́tà ńlá yẹn," ó wí, "ṣé torí pé—"

"Torí nǹkan kan kọ́," ni Riad já a lẹ́nu. "Mo kàn fẹ́ kó dára lójú ni. Ẹ̀yin ìyá mi, irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi nìkan ni mo pa á. Flore kò mọ̀."

Ó ti ń purọ́ nítorí ara rẹ̀ láti oṣù púpọ̀. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn ni irọ́ kan ṣoṣo tó pa nítorí ẹlòmíràn, inú ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ló sì fi í sí. Ìyá Afoussath wò ó pẹ́, pẹ̀lú ojú tí kò ríran dáadáa yẹn.

Nígbà náà ni ẹnu àwọn tó kù tó ṣí. "Ẹ jẹ́ ká mú un lọ bá bàbá rẹ̀." "Kí gbogbo wa jáde nínú Àká lónìí." "Àkísà ọmọ. Ohùn mi, Ọlọ́run, ohùn mi." Riad ti ń mọ ìwúwo ṣọ́bìrì ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ dákẹ́," ni Ìyá Afoussath wí. "Kí la fẹ́ fi àgbò yìí ṣe?"

Gbogbo wọn yíjú wo àgbò.

"Ẹrù tí a bá gbé délé ẹni, a kì í gbé e padà." Ó yíjú sí arúgbó náà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Nimatou ni orúkọ yín lóòótọ́?"

"Orúkọ tí bàbá mi sọ mí nìyẹn."

"Ọmọ Missérété?"

"Ilé yìí ni wọ́n bí mi sí."

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ sí Mẹ́kà?"

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. "Ta ni kò fẹ́? Ṣùgbọ́n gàrí kì í gbé ènìyàn dé ọ̀hún."

"Àgbò yín rèé, àwọn abọ́ yìí náà, tiyín ni. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti sọ fún gbogbo ọjà pé ẹ lọ sí Mẹ́kà, ó sì ti jèrè lórí rẹ̀. Tí ọdún bá yí po, yóò rán yín lọ. Riad, ṣé o gbọ́? Owó mọ́tò tí o ń dá jọ, ó ti di ti ìyá yìí. A ò ní kúrò nínú Àká. Ṣùgbọ́n tí ìyá yìí ò bá gun ọkọ̀ òfúrufú, a ó jáde, a ó sì sọ ìdí tí a fi jáde."

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Láti òní," ni Flore wí, "ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọ Àká, ọwọ́ mi ni yóò máa wà."

"Èyí náà tọ́," ni Ìyá Afoussath wí.

Nígbà tí wọ́n ń padà, ó pe Riad sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"O rò pé mi ò mọ̀ pé lẹ́tà ló tóbi?"

Riad ń wo iyẹ̀pẹ̀ tó wà ní orúnkún Ìyá.

"Orúkọ tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀sì yìí, mi ò rí i kà láàárọ̀. Inú fóònù nìkan ni ojú mi ti ń là. Mo ní, ó dára, Alhaja ti sọ fún ọmọ yìí pé kó ràn mí lọ́wọ́. Ẹni tó ro tèmi tó bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́ni tí a ń gbé àgbò fún." Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ náà nù. "Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti ro tèmi."

"Ẹ foríjì mí, Ìyá."

"Má tíì tọrọ ìyẹn. Lọ́la, wàá mú mi lọ sí ọsibítù ojú. Wàá sọ fún Afoussath pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ la bá lọ. Mo mọ̀ pé kò ní ṣòro fún ọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Riad ṣe ń gbé ìyá lọ sí ọsibítù, tó ń gbé e bọ̀. Afoussath kò mọ̀ títí dókítà fi ṣiṣẹ́ sí ojú ọ̀tún, tí ìyá rẹ̀ wọlé tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí nípa eruku orí pẹpẹ.

Ìyá Nimatou wọ Àká. Flore ṣe tirẹ̀ kó máa fi ohùn ka iye òṣùwọ̀n gàrí tó kù, torí pé ìyá kò mọ̀wé, lẹ́tà ńlá àti kékeré kò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Karimath kò dárúkọ Lomé mọ́. Asmaou ń sọ kiri pé òun ti wí i tipẹ́ pé Nimatou yóò lọ sí Mẹ́kà. Bàbá Riad gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kàn ra ṣọ́bìrì tuntun, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọdún yí po. Wọ́n sin ìyá dé pápá ọkọ̀ òfúrufú ní Kútọnu. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ dé Kútọnu láyé rẹ̀. Ó ní ìlú náà ariwo pọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ.

Riad kò tíì ní mọ́tò, ó ṣì ń gun sẹ́mìjàn, ọ̀kadà tí wọ́n fi ń gbé èrò. Orí rẹ̀ ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí nọ́ńbà kejì inú fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà náà ti dákẹ́ láti ọdún tó kọjá. Ó ní kí ọlọ́kadà dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́, ó gbé e sí etí. Ariwo ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kọ́kọ́ gbọ́, bí ìgbà tí òjò ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Riad, Nimatou ni o. Mo ti dé ibẹ̀, mo sì ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo ti bá Ìyá Afoussath dúpẹ́ ojú. Mo ti bá Karimath sọ ti ọkọ rẹ̀, mo ti bá Asmaou sọ ti bùtíìkì. Ó ku ìwọ. Kí ni kí n bá ọ tọrọ? Sọ òótọ́ o. Ibi tí mo wà yìí, a kì í purọ́ níbẹ̀."

Riad tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi ohùn ránṣẹ́. Ó la ẹnu. Ọlọ́kadà bojú wẹ̀yìn wò ó, ó tún kọjú síwájú. Riad dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fóònù lẹ́nu, títí ìka rẹ̀ fi yọ̀ kúrò, tí ohùn náà sì lọ.

Ìró mímí lásán ló wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí Alhaja dé, tí wọ́n kún ilé rẹ̀ ní Missérété, tí wọ́n ń jẹ dàbínù, Riad bi í ní kọ̀rọ̀ bóyá ó rí ohùn òun gbà.

"Mo gbọ́ ọ," ni Alhaja wí. "Mo sì bá ọ sọ ọ́ fún Ọlọ́run bẹ́ẹ̀."